Ẹ̀rọ Ló Kọ́ Ilé Náà

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó yóò kọjá ilé Punch ní Magboro kó tó gun afárá Odò Ògùn ní Kara. Bó bá dé Berger tó yà sí apá Ìkẹjà, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan Àgídìǹgbí, níbi tí Daily Times kó wá nígbà tí Òpópónà Kakawa há mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Magodo wa yìí wà láàárín àwọn méjèèjì, lórí òkè tirẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí mo ń tìtorí rẹ̀ jí ní ìdájí nígbà èwe, tí mo ń wọ mólúè kọjá afárá Carter lọ ṣe l'Ékòó, òun náà ló tún wá bá mi kalẹ̀ nílé lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. N kò pè é o.

Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn pé ta ló ni ilé ìwé ìròyìn, wọn á ní olóòtú ni, tàbí ẹni tó fi owó dá a sílẹ̀. Orúkọ wọn ló wà lára ìwé, àwòrán wọn ló wà lára ògiri. Èmi tí òjé àti yíǹkì dúdú mọ́ lọ́wọ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ni ilé. Ẹ̀rọ ló ń sọ ibi tí ògiri máa dúró sí, òun ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe máa nípọn tó, òun náà ló ń yan ẹni tó máa jókòó sókè àti ẹni tó máa dúró nísàlẹ̀. Nígbà tí ilé kò sì gbà á mọ́, ẹ̀rọ náà ló kó gbogbo wa kọjá afárá wá sí òkè níhìn-ín.

Ọdún 1973 ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan tó wà nínú òpópónà tóóró lẹ́yìn Broad Street. N kò ní dárúkọ ilé náà. Wọ́n ti wó o, àwọn ọmọ ẹni tó ni ín sì wà láyé, wọn ò bẹ̀ mí pé kí n máa ròyìn bàbá wọn kiri. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan là ń tẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìn òkú àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Ká má tan ara wa, ìwé ìsìn òkú ló ń bọ́ ìwé ìròyìn.

Ilé àwọn Àgùdà ni ilé ọ̀hún tẹ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà bọ̀ kọ́ káàkiri Pópó Àgùdà àti àyíká rẹ̀: ògiri bíríkì tó nípọn, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ìlẹ̀kùn pákó alápá méjì, òdòdó sìmẹ́ńtì lókè ojú ilé. Ẹni tó kọ́ ọ rò pé àwọn ọmọ-ọmọ òun ni yóò máa gbé ibẹ̀, kò ro ti ẹ̀rọ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé láti Apapa nínú àpótí pákó, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n gbà láti fọ́ ògiri. Ibi tí wọ́n fọ́, tí wọ́n tún mọ padà, ọ̀dà rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá wa, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kọ̀mpọ̀, a máa na ìka sí i fún gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tuntun pé, "Ibẹ̀ lẹ̀rọ gbà wọlé, ibẹ̀ ni yóò gbà jáde. Ẹ̀yin ẹ rọra gba ẹnu ọ̀nà."

Abẹ́ ẹ̀rọ náà ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé lè wà nínú ilé. Ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ kò kan ìpìlẹ̀ ògiri. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n da kọnkéré sí i lọ́tọ̀, wọ́n fi àlàfo kékeré tí wọ́n rọ iyanrìn sí dá a yà kúrò lára ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá lọ tó bọ̀, ó ń ti ilẹ̀. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ti ògiri, ìtì yẹn á gun ògiri lọ, láàárín ọdún díẹ̀ fèrèsé kò ní tì mọ́. Síbẹ̀ náà, a máa ń gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, omi inú ife tó wà lórí tábìlì lókè a máa gbọ̀n. Olóòtú kì í wo aago. Bí omi bá ti ń gbọ̀n, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá kù lẹ́nu òun ti di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àjà kìíní ni ti àwa kọ̀ǹpósítọ̀, àwa tó ń to lẹ́tà. Ibẹ̀ ni àpótí lẹ́tà wà, lẹ́tà ńlá lókè, lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀, òjé ni gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí a bá tò tán, tí a fi irin dè pọ̀, ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Ẹ wá ro iye òjé tó wà lórí ilẹ̀ pákó tí wọ́n ṣe fún ibùsùn àti àga. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ki irin rélùwéè sábẹ́ pákó náà láti ògiri dé ògiri. Bí ẹ bá dúró nísàlẹ̀ tí ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí irin tó ń gba ìwúwo àwọn lẹ́tà tó ń sọ̀rọ̀ ìjọba. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀.

Àtẹ̀gùn ni ọ̀tá wa. Òde ló wà, ó dín ní fífẹ̀, ó sì yí bìrí lẹ́ẹ̀kan. Ojú ìwé tí a ti dè pọ̀ gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé fífẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn ló sọ bí ojú ìwé ìròyìn wa ṣe máa fẹ̀ tó. Kì í ṣe olóòtú ló yàn án. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó da tapólì bò ó, ẹni iwájú á máa fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á máa kà á fún un pé "ọ̀kan, òmíràn, yà sọ́tùn-ún." Bó bá bọ́, gbogbo lẹ́tà a tú ká sínú ẹrẹ̀, ọjọ́ náà tán nìyẹn. Mo ti rí i tí àgbàlagbà ọkùnrin jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn tó ń ṣa "a" àti "e" nínú omi òjò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Òkè pátápátá ni olóòtú wà, lábẹ́ páànù. Àwọn ènìyàn rò pé ipò ọlá ni. Ibi tó kù ni! Páànù a máa jó wọn lórí láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kò sì lè tan fáànù bó ṣe wù wọ́n, torí atẹ́gùn á fọ́n ìwé ká. Láti gbé ìwé sọ̀ kalẹ̀ fún wa, wọ́n so agbọ̀n mọ́ okùn, wọ́n ń jù ú láti ojú fèrèsé sí fèrèsé tiwa. Agbọ̀n yẹn náà ló ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ sókè nígbà tí ìyá olóúnjẹ bá dé.

Nígbà tó yá, wọ́n ra láínótáìpù àlòkù kan. Ọmọ Jámánì kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, Ottmar Mergenthaler, ló ṣe ẹ̀rọ yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní New York lọ́dún 1886. Kí tiwa tó dé, ó ti darúgbó. Ẹni tó jókòó sí i á máa tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á máa da òjé gbígbóná sínú àwòkọ́ lẹ́tà, ìlà ọ̀rọ̀ kan á jábọ́ lódidi. Ìkòkò òjé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 280 ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ẹ kò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí pákó. Ìsàlẹ̀ ló lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n sì gbẹ́ ihò tuntun sára ògiri Àgùdà láti jẹ́ kí ooru jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ń yí padà, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, kò sí ayàwòrán-ilé kankan tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ń fún àwa tó wà nídìí òjé ní mílíìkì inú agolo lójoojúmọ́, pé yóò fọ òjé kúrò nínú wa. Dókítà kan tó wà ládùúgbò wa ní Magodo ní irọ́ ni. Mo sọ fún un pé mílíìkì náà dùn.

Ilé wa kéré. Ní Kakawa ni nǹkan wà.

Òpópónà Kakawa kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tó wà níbẹ̀ pọ̀. Nọ́ḿbà 12 ni Ilé Omi, ti João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti oko ẹrú ní Brazil bọ̀. Kànga wà nínú ọgbà rẹ̀, àwọn ará Èkó sì ń ra omi níbẹ̀ kí omi ẹ̀rọ Ìjù tó dé. Lójú òpópónà kan náà ni Daily Times wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1926 ni ìwé ìròyìn náà kọ́kọ́ jáde, Ernest Ikoli ni olóòtú rẹ̀, Adéyẹmọ Alákijà sì wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1947, àwọn tó ni Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù, tí Cecil King ń ṣojú fún, rà á. Àwọn ló kó owó àti ẹ̀rọ wá, àwọn ló jẹ́ kí ọkọ̀ fáànù máa gbé ìwé ìròyìn jìnnà sí Èkó.

Wọ́n rán mi lọ síbẹ̀ láti lọ gba bílọ́ọ̀kù àwòrán tí wọ́n bá wa ṣe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Tiwa ń lọ ó ń bọ̀; tiwọn kì í padà. Wọ́n kì í fi lẹ́tà gan-an tẹ̀wé níbẹ̀. Wọ́n á fi bébà tútù tó nípọn tẹ ojú ìwé tí wọ́n ti tò, á gba àwòrán rẹ̀, wọ́n á tẹ bébà náà kọrọdọ, wọ́n á da òjé sí i, awo òjé tó tẹ̀ á jáde, wọ́n á sì dè é mọ́ àgbá irin tó ń yí. Bébà tí wọ́n ń tẹ ìròyìn sí kì í ṣe pẹlẹbẹ, róòlù ńlá ni, tó ń ti ọkọ̀ ojú omi dé Apapa. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún ilé: ó gba yàrá tí kò ní òpó láàárín, tó ga, tó gùn, ilẹ̀ tó le, àti ẹnu ọ̀nà tí lọ́rì lè fi ẹ̀yìn wọ̀.

Àwọn òyìnbó mọ èyí dájú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Daily Express fẹ́ kọ́ ilé sí Fleet Street, Owen Williams tó jẹ́ ẹnjiníà ló bá wọn yanjú rẹ̀, torí ohun tó ṣòro ni bí wọ́n á ṣe gba àyè fún ẹ̀rọ lábẹ́ ilẹ̀ láìsí òpó tó máa dí i. Ilé náà parí ní 1932, gíláàsì dúdú ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Èyí tó kọ́ fún wọn ní Manchester ní 1939 tún dára jù lójú mi: ẹni tó ń kọjá lójú títì lálẹ́ lè rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú gíláàsì. Òun náà ló kọ́ ilé Daily Mirror ní Holborn Circus, tó ṣí ní 1961, nígbà tí àwọn Mirror yìí ṣì ní ọwọ́ nínú Kakawa. Àmọ́ Èkó kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ erékùṣù wa díẹ̀, omi á dé. Omi tí wọ́n ń rà nílé da Rocha náà ni kò jẹ́ ká lè kó ẹ̀rọ sábẹ́ ilẹ̀. Ní gbogbo ilé ìtẹ̀wé tí mo wọ̀ l'Ékòó, orí ilẹ̀ gangan ni ẹ̀rọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa kí àlejò káàbọ̀. Nítorí ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń gbọ́ ìròyìn kí wọ́n tó kà á.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, fẹ́ńdọ̀ ti kún Kakawa. Àwọn kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́, àwọn kan tẹ́ pálí sílẹ̀ tí wọ́n ń sùn, àwọn obìnrin ń din àkàrà. Bí ìwé bá ti jáde, ariwo sọ. Alhaji Babátúndé José, tó wọ iléeṣẹ́ náà ní 1941 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ló ń darí rẹ̀ nígbà yẹn. Èyí máa ń mú inú àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ dùn ju ohunkóhun lọ: ẹni tó ti ìsàlẹ̀ gun òkè. Ó di olóòtú ní 1957, ó di olùdarí àgbà ní 1962. Nígbà tó fi di 1975, Daily Times ń tẹ nǹkan bí 275,000 lójúmọ́, Sunday Times sì tó 400,000. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun gba ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún kejì, José kúrò.

Gbogbo ènìyàn tó ń kọ ìtàn Daily Times ló ń dúró síbi gbígbà tí ìjọba gbà á, wọn ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo 400,000 yẹn lójú ẹni tó ń gbé ìwé. Ọ̀kẹ́ ogún ìwé gbọ́dọ̀ ti ẹnu ọ̀nà kan jáde, sójú òpópónà tí ọkọ̀ méjì kò lè rọra kọjá ara wọn, kó gba Broad Street tàbí Marina, kó gba afárá, kí ilẹ̀ tó mọ́, kó tó bá sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Róòlù bébà náà sì ń bọ̀ láti Apapa, ó ń gba ọ̀nà kan náà wọlé. Ilé lè ga sókè bó ti wù ú, ẹ̀rọ kò lè gun òkè. Àgídìǹgbí tí wọ́n kó lọ ní ilẹ̀. Tírélà lè yí po níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, ìwé tó bá ti apá Ìkẹjà jáde lè wà ní Ìbàdàn kí àwọn ará ibẹ̀ tó jẹ ẹ̀kọ.

Kíkó kúrò nínú erékùṣù kò bẹ̀rẹ̀ lórí Times o. Nnamdi Azikiwe ti gbé West African Pilot kalẹ̀ sí Commercial Avenue ní Yaba láti oṣù kọkànlá 1937. Punch jókòó sí Onípetẹsí n'Íkẹjà kó tó lọ sí Magboro. Guardian lọ sí Ìsọlọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ìwé Ìròyìn, ti òyìnbó míṣọ́nnárì Townsend, tó ṣáájú gbogbo wọn ní 1859, inú ọgbà míṣọ́ọ̀nù ní Aké, l'Abẹ́òkúta, ló wà. Nígbà ìfọ́lé 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú náà, ilé àti ẹ̀rọ ló jọ fojú winá. Bàbá Kọ̀mpọ̀ a máa sọ ìyẹn bí ẹni pé ó ṣojú rẹ̀.

Ilé tó ní ẹ̀rọ ní ìṣòro mìíràn: kò lè sá. Ọlọ́pàá mọ ibi tó wà. Ìjọba Babangida ti ilẹ̀kùn àwọn iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pa ní 1993. Ní 1994 Abacha ti Concord, Punch àti Guardian. Ẹ̀rọ olówó ńlá jókòó sínú òkùnkùn, sójà dúró lẹ́nu géètì. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn TheNEWS àti Tempo nígbà yẹn ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé ìwé lè jáde láìsí ilé. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ilé ìtẹ̀wé tó bá gbójú ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ti di ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ nígbà náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, mo rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí géètì tí wọ́n lè tì. Àwọn oníròyìn fúnra wọn ni ìjọba ń mú. Lára ibi tí wọ́n sì ń kó wọn lọ ni iléeṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ SSS ní Shangisha, níbí ní Magodo. Mo ti bá àwọn aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rìn kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ lọ sí CMD Road, tí wọn kò gbọ́ rí.

Kọ̀ǹpútà ló parí iṣẹ́ náà. Òjé lọ, irin rélùwéè abẹ́ pákó kò ní ohun tó ń gbé mọ́. Kọ̀ǹpósítọ̀ di ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì nínú yàrá amúlétutù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kó rí, ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé àtẹ̀gùn yẹn. Ọdún 2004 ni ìjọba ta Daily Times fún iléeṣẹ́ Folio. Àwọn tó ń kọ ìròyìn báyìí, ẹ̀rọ wọn wà nínú àpò ṣòkòtò. Ọmọkùnrin kan lójúlé kẹta sí tèmi, akọ̀ròyìn ni, mo ti rí i tó jókòó sórí ìdábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò mọ ibi tí olóòtú rẹ̀ ń gbé.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ ayàwòrán-ilé, ọmọ ẹgbẹ́ onílé wa, wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹnìkan ti ra ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ kan ní apá Ìkẹjà, ó fẹ́ sọ ọ́ di gbọ̀ngàn ìnáwó. Ẹni tó bá wọn wó ògiri inú dé àárín yàrá, irinṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti wọlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, kọnkéré abẹ́ ẹ̀rọ yẹn, báwo ló ṣe máa ń nípọn tó?"

Mo fi ọwọ́ júwe fún un, láti ilẹ̀ dé ìbàdí mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní oníbàárà òun á kú. Mo ní kó má wulẹ̀ fọ́ ọ, owó tí wọ́n máa fi fọ́ ọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé. Kó gbé pèpéle àwọn olórin sórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi gbogbo agbára lu ìlù, bí ìyàwó àti ọkọ àti gbogbo ẹbí bá bẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri kò ní gbọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa ihò ooru, ibi tí omi yíǹkì ń gbà lọ, àti ìdí tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn fi ga tó bẹ́ẹ̀. Sátidé la máa jọ lọ wò ó. Ó ní kí n wọ bàtà tó le, torí ìṣó ṣì wà nílẹ̀.